Ìdí Tí Ewé Òṣíbàtà Fi Ya Dé Àárín

Nígbà láéláé, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé omi lè gbẹ, ewé òṣíbàtà kò ya. Róbótó ni ó rí, bí àwo tí a gbé lé ojú omi. Bí ìka bá ń tọ etí rẹ̀ lọ, yóò yí i po títí yóò fi padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àkèré pẹ̀lú kì í pariwo nígbà náà. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Bí ó bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ẹnìkan sọ, yóò fò dé ẹ̀gbẹ́ onítọ̀hún, yóò sì sọ ọ́ sí i létí.

Kò sí omi tí kò ní òṣíbàtà. Odò ní in, adágún ní in. Kòtò tí pátákò ẹfọ̀n gbẹ́ sílẹ̀, tí òjò rọ̀ sí, ní in pẹ̀lú. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, òdòdó rẹ̀ funfun á là lójú omi, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo etídò kan. Àwọn ẹranko a máa sọ pé ohun tó ń lékè omi kò ní ohun tó lè rì í.

Àbàtà kan wà tí ó ń jẹ́ Olómitútù. Ibẹ̀ ni Àkèré àti Omíyalé, ìyàwó rẹ̀, ń gbé. Abẹ́ ewé òṣíbàtà ni wọ́n ti pàdé. Abẹ́ rẹ̀ náà ni Omíyalé ń yé ẹyin sí lọ́dọọdún. Ẹyin àkèré kò ní èèpo bíi ti adìẹ. Bí oòrùn bá rí i pa, ó bùṣe. Ewé yẹn ni òrùlé ilé wọn.

Ọ̀ọ̀nì ni olórí gbogbo ohun tó ń gbé inú omi àti etí omi. Alákàn ni ìránṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ Alákàn sì ni ààlè. Ẹ̀yin náà ti rí ààlè rí: àkísà ni, tàbí ìkarawun ìgbín, tàbí mọ̀rìwò, tí a so mọ́ nǹkan kí ọwọ́ má baà kàn án. Bí ohun kan bá ń tán lọ nínú omi, Alákàn á so ààlè mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, ẹnu kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, títí yóò fi pọ̀ padà.

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, Alákàn á rìn yí gbogbo omi ká láti mọ ohun tí ààlè tọ́ sí. Ọ̀nà náà jìn, omi tó sì ní láti dé jẹ́ ogójì. Alákàn mọ ìkíni púpọ̀. Kì í dé ojúlé ẹnikẹ́ni kí ó má kí i tọmọtọmọ. Nígbà tó yá, ó rí i pé òun lè máa fi iṣẹ́ òun kún ìkíni náà, kí ọ̀nà lè yá.

Á ní, "Ẹ ńlẹ́ o. Ilé ńkọ́?"

Wọ́n á ní, "Wọ́n wà."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n wà."

"Òṣíbàtà ńkọ́?"

"Ó wà."

Á na èékánná rẹ̀ ńlá sókè láti dágbére, ó di omi mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é títí Túùkú fi fi imú kan ẹrẹ̀. Túùkú, ẹlẹ́dẹ̀ inú igbó, ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé òṣíbàtà ní iṣu nísàlẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó dùn mọ́ ọn. Ó wú òmíràn. Pẹ́pẹ́yẹ gbọ́, ó ní òun kò jẹ iṣu, èso rẹ̀ nìkan ni òun fẹ́. Ìgalà ní tòun ni ọ̀mùnú ewé, ìyẹn kò sì lè pa ẹnikẹ́ni lára. Kò sí èyí tó jẹ àjẹjù lójú ara rẹ̀. Bí a bá bi èyíkéyìí nínú wọn, èsì kan náà ni: díẹ̀ ni mo mú, ó ṣáà pọ̀.

Àkèré rí i pé kò pọ̀ mọ́. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ pé òjò ń rọ̀.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ewé mẹ́fà péré ló ṣẹ́kù ní Olómitútù nígbà tí Omíyalé yé ẹyin. Ẹyin náà tó ọ̀ọ́dúnrún. Ọjọ́ kejì ni Túùkú dé. Àkèré jáde lọ bá a, ó bẹ̀ ẹ́, ó júwe ibi tí àwọn ẹyin wà fún un.

"Àkèré, ahun ti wọ̀ ọ́ lára," ni Túùkú wí. "Omi wo ni òṣíbàtà kò sí? Bí mo bá jẹ ti ibí tán, kí àwọn ọmọ rẹ lọ gbé lábẹ́ ti ibòmíràn."

"Ẹyin kò lẹ́sẹ̀," ni Àkèré wí.

"Kí wọ́n dúró kí wọ́n ní in nígbà náà."

Ó rín ẹ̀rín, ó ki imú bọ ẹrẹ̀. Nígbà tí yóò fi kúrò, ewé kan ṣoṣo ló kù lójú omi.

Ewé kan kò lè bo ọ̀ọ́dúnrún ẹyin. Omíyalé wo oòrùn, ó wo àwọn ẹyin tó wà níta. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó na ọwọ́, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ara rẹ̀ sójú omi lórí àwọn ẹyin náà, ó ṣe ara rẹ̀ ní ewé.

Àkèré ní kí àwọn máa gbà á lọ́wọ́ ara àwọn. Omíyalé ní, "O ò fẹ̀ tó." Òótọ́ ni. Abo àkèré máa ń tóbi ju akọ lọ. Nítorí náà, omi ni Àkèré ń fi ẹnu pọn láti ìsàlẹ̀, tí ó ń tú sí i lẹ́yìn. Oòrùn ń lá a kí ó tó padà dé. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yìn Omíyalé ti ń le. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti ń sán bí ewé àgbàdo inú ọ̀gbẹlẹ̀.

Ọjọ́ kẹta yẹn gan-an ni Alákàn dé Olómitútù. Ó dúró létí omi, ó tẹ́ èékánná, ó kí Àkèré dáadáa.

"Àkèré, o kú iṣẹ́ o. Ìyàwó ńkọ́?"

Àkèré ní omi lẹ́nu tó ń gbé lọ fún Omíyalé. Ó gbé e mì kí ó tó lè fèsì. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá kí ni, a kì í da ìṣòro ilé lé e lórí láàárín ọ̀nà.

Ó ní, "Ó wà."

"Òṣíbàtà ńkọ́?"

"Ó wà."

Alákàn na èékánná sókè, ó lọ.

Omíyalé gbọ́ gbogbo rẹ̀ níbi tó nà sí. Kò gbé orí. Ó ní, "Baálé mi, ṣé bí mo ṣe wà nìyí?"

Àkèré bọ́ sílẹ̀, ó fò tẹ̀lé Alákàn, ó fò títí ó fi ń mí hẹlẹ. Alákàn ti kọjá sí omi mìíràn. Nígbà tí Àkèré padà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi.

Àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún ni ẹyin pa. Méje péré ló yọ láàyè, àwọn tó wà ní abẹ́ àyà Omíyalé gan-an. Wọ́n ń ta ìrù kiri lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń kọlu ikùn rẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n. Ó ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àkèré sin ín sínú ẹrẹ̀, nídìí òṣíbàtà kan tó kù. Lẹ́yìn náà ó kọrí sí ọ̀dọ̀ Ọ̀ọ̀nì.

Ó bá ìpàdé lórí ìjókòó. Ọ̀ọ̀nì nà gbalaja sórí iyanrìn. Túùkú jókòó, Pẹ́pẹ́yẹ jókòó, gbogbo ẹlẹ́nu jókòó. Alákàn ń jíṣẹ́ ìrìnkiri rẹ̀. Ó ní ẹja kan wà tó jẹ́ pé inú odò kan ṣoṣo ni a ti ń rí i, ìpàdé sì fún un ní ààlè. Ó wá kan òṣíbàtà. Alákàn ní omi ogójì ni òun dé, ogójì náà ni wọ́n ti sọ fún òun pé ó wà.

Ọ̀ọ̀nì ní, "Òṣíbàtà kò ní ìyọnu."

Ìgbà yẹn ni Alákàn rí Àkèré. Inú rẹ̀ dùn láti rí i. Ó ní, "Àkèré, o káàbọ̀. Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó kú."

Ẹnu Alákàn ti mọ ọ̀nà tó ń tọ̀. Ó ti gbé ìbéèrè kejì jáde kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ìdáhùn àkọ́kọ́.

"Ọmọ ńkọ́?"

"Nínú ọ̀ọ́dúnrún, ó ku méje."

Gbogbo ìpàdé bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kú ará fẹ́ra kù. Pẹ́pẹ́yẹ mi orí. Ọ̀ọ̀nì ní ẹ̀dùn ńlá ni. Àkèré jẹ́ kí wọ́n kí i tán. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára Alákàn.

"Mi ò wá gba ìkíni," ni ó wí. "Ìkíni ló pa á. O bi mí léèrè bí ẹni ń kí ni. Èmi náà dá ọ lóhùn bí ẹni tí wọ́n kí. Ìwọ kò wo inú omi. Èmi tí mo wà nínú omi kò sọ ohun tó wà níbẹ̀. Àwa méjèèjì ni, Alákàn. Ṣùgbọ́n ìwọ ni wọ́n fún ní iṣẹ́ náà."

Alákàn ní ogójì omi kì í ṣe kékeré. Ó ní bí òun bá ń wo ìsàlẹ̀ omi kọ̀ọ̀kan, òun kò ní padà dé kí òjò mìíràn tó rọ̀.

Àkèré ní, "Ojú lo fi ń ṣọ́ orí tìrẹ. Ta ló ń bá wa ṣọ́ tiwa?"

Ọ̀ọ̀nì gbọn ìrù. Ó ní òun mọ̀ pé ìbànújẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, òun kò sì bínú sí i. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin: ohun tó bá wà káàkiri kì í gba ààlè. Òṣíbàtà sì wà káàkiri.

"Káàkiri," ni Àkèré wí. "Èéfín náà wà káàkiri ilé tó jó."

Túùkú kò lè pa ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ra. Ó ní bí a bá máa so ààlè mọ́ òṣíbàtà, kí a kúkú so ó mọ́ òjò, kí a so ó mọ́ afẹ́fẹ́, kí Túùkú náà jókòó sílé kí ebi máa pa á. Àwọn kan rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀ọ̀nì ní kí Àkèré mú ọ̀rọ̀ náà padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Àkèré kò dúpẹ́, kò dágbére. Ó yí ẹ̀yìn sí wọn, ó jáde.

Ó ní bí wọn kò bá lọ wò ó, òun á lọ wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti omi tó súnmọ́ ọn jù lọ. Àrọ̀, ẹja onírùngbọ̀n, ló bá níbẹ̀. Kò kí i. Ó béèrè òṣíbàtà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àrọ̀ ní, "Ó wà."

"Mo gbọ́. Ó ku mélòó?"

Ẹnikẹ́ni kò bi Àrọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó wò yíká. Ó wẹ̀ lọ sí ìkángun kìíní, ó wẹ̀ dé ìkángun kejì, ó pẹ́ kí ó tó padà.

Ó ní, "Méjì. Kò tíì pẹ́ tí mo rí i tí ó bo gbogbo ojú omi yìí."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

Àrọ̀ ronú. "Ìgbà tí bàbá mi wà láyé."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí ní omi kejì, bẹ́ẹ̀ ní ìkẹta. Níbi kan, mẹ́ta ló kù. Níbi kan, ọ̀kan ni, kò sì tíì tanná láti ọdún méjì. Níbi kan, wọ́n ní ó wà, wọ́n mú Àkèré lọ síbẹ̀ tayọ̀tayọ̀, ihò tí Túùkú wú iṣu rẹ̀ kúrò ni wọ́n bá. Àwọn tó mú un lọ dúró, wọ́n ń wo ihò náà. Wọn kò purọ́. Wọn kò ṣáà wò ó láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Bí Àkèré ti ń lọ ni inú rẹ̀ ń ru sí i. Nígbà tó dé omi ogún, ó ti mọ̀ pé bí òun bá ka gbogbo rẹ̀ tán tí òun kò so ààlè, Túùkú ni yóò ká èyí tó kù. Ṣùgbọ́n kò ní àkísà, kò ní ìkarawun ìgbín, mọ̀rìwò sì ga jù ú lọ.

Ó jókòó sórí ewé kan, ó ń ronú. Kí ni à ń fi í ṣe ààlè? Ohun tó ti gbó ni. Ohun tó ti fọ́, ohun tó ti ya, tí ẹnikẹ́ni kò lè rò pé afẹ́fẹ́ ló gbé e wá. Àkèré wo ewé tí ó jókòó lé. Róbótó ni, ó pé, ó dán.

Ó bọ́ sínú omi. Ó di etí ewé náà mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ya á. Láti etí ni ó ti ya á dé àárín, dé ibi tí igi ewé ti so mọ́ ọn. Ewé náà kò kú. Ó léfòó síbẹ̀ pẹ̀lú ojú yíya náà, ó hàn láti òkè odò pé ẹnìkan ti fọwọ́ sí i, ó ní ẹni tó ni ín.

Àkèré padà sí gbogbo ibi tó ti kọjá. Ó dé gbogbo ibi tí kò tíì dé. Kò fi ewé kan sílẹ̀ láìya. Bí ó bá ya ọ̀kan, á sọ orúkọ Omíyalé. Nígbà tó parí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Èyí tó ya kẹ́yìn ni ewé kan tó wà ní Olómitútù.

Àwọn ọmọ méje ti ní ẹsẹ̀ nígbà náà. Ó pè wọ́n jọ. Kò kọ́ wọn ní ìkíni kankan. Ìbéèrè kan ni ó kọ́ wọn, ó sì ní kí wọ́n máa fi gbogbo ọ̀fun béèrè rẹ̀, nítorí ohùn jẹ́jẹ́ ló jẹ́ kí Alákàn lọ.

Kò pẹ́ tí Túùkú dé. Ìrọ̀lẹ́ ni. Ó rí ewé yíya, ó ní ààlè ìyà rèé, ààlè tí aláìní so. Ó ti ẹsẹ̀ bọ omi.

Àkèré ké láti abẹ́ koríko: "Ó ku mélòó?"

Àwọn ọmọ gbà á ní òdìkejì: "Ó ku mélòó? Ó ku mélòó?"

Túùkú dúró. Bí ó ti dúró, gbogbo wọn dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ń retí èsì. Etídò dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀bọ orí igi sọ èso ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo ẹni tí wọ́n bi. Lókè bèbè, Ẹkùn, tó ti sùn láti ọ̀sán, la ojú kan, ó na etí. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni ń gbọ́ ni èémí Túùkú.

Iṣẹ́ Túùkú, iṣẹ́ abẹ́ ariwo ni. Kò lè ṣe é níbi tí gbogbo ayé ti dákẹ́ tí wọ́n ń wò ó. Ó rọra yọ ẹsẹ̀ kan, ó yọ ìkejì. Nígbà tí Ẹkùn dìde, eré ló bá a lọ.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Alákàn dé Olómitútù, ó so ìkarawun ìgbín àti àkísà mọ́ra. Ọ̀ọ̀nì ti gbọ́ ariwo tó ń gba omi kan bọ́ sí omi mìíràn. Alákàn dúró létí omi. Ó la ẹnu láti kí ni. Ó pa á dé.

Ó ní, "Ó ku mélòó?"

Àkèré ní, "Na ojú rẹ jáde, kí o kà á fúnra rẹ."

Alákàn na ojú rẹ̀ jáde títí ó fi yọ síwájú orí bí igi èèkàn méjì. Ó kà á. Mẹ́rin ni. Mẹ́ta kéré, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni. Ewé àwọn tuntun náà jáde látinú ẹrẹ̀ ní yíya, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ya wọ́n. Alákàn wá ibi tí yóò so ààlè rẹ̀ mọ́, ó rí i pé wọ́n ti so ó kí òun tó dé. Ó ní kí Àkèré má bínú.

Àkèré ní òun ń bínú. Ó ní òun kò ní dáwọ́ dúró.

Láti ọjọ́ náà ni ewé òṣíbàtà ti ya láti etí dé àárín, ní gbogbo omi tí ó bá kù sí. Láti ọjọ́ náà ni àkèré kò ti sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ mọ́. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, ẹ lọ sí etí àbàtà, ẹ ó gbọ́ wọn: ọ̀kan á béèrè, àwọn yòókù á gbà á. Bí ẹsẹ̀ yín bá sì kan omi, wọ́n á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má rò pé ẹ̀rù ló bà wọ́n. Ẹ̀yin ni wọ́n bi léèrè, èsì yín ni wọ́n ń dúró dè. Ẹ wo inú omi dáadáa kí ẹ tó fèsì. Ẹ má sọ fún wọn pé ó wà.